Àyè Tó Wà Lápá Òsì Bàbá Mi

Nígbà tí mo fi Ìkẹ́rẹ́ sílẹ̀, bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí àyè mi. Ó gbé àpótí ìjókòó kékeré kan síbi tí mo máa ń dúró sí nínú agbo, lápá òsì tirẹ̀ gan-an, ó ní ibẹ̀ ni yóò wà títí n óò fi dé. Orí tẹlifóònù ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, inú mi sì dùn débi pé mo sunkún. Mi ò tíì mọ ohun tí àpótí yẹn máa gbà lọ́wọ́ mi.

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi. Ó ti kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, nítorí náà ọwọ́ bàbá mi ni mo dàgbà sí. Lọ́dún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ákùúrẹ́ ń di ẹrù wọn bọ̀ wá sí Adó, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nílùú pé ìjọba tuntun máa ní ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀. Bàbá mi gbọ́, ó sì kó àwọn kan jọ nínú ìjọ wa. Pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀, a jẹ́ méje. Kò fún wa ní ìwé eré kankan. Ó ní eré inú ìwé, ẹni tó bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ohun tí òun fẹ́ kọ́ wa ni bí a ṣe ń bá ara wa hun eré lójú agbo, tí ohùn ẹnìkan á máa bí ohùn ẹnìkejì.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń pàdé ní pápá ilé ẹ̀kọ́, tí àpáta Olósùnta ń wò wá láti òkè. Kíkà la fi ń bẹ̀rẹ̀. A ó dúró ní agbo, a ó dijú, a ó kà láti ení dé ẹ̀wá. Ẹnikẹ́ni ló lè pe iye tó kàn, àmọ́ a ò gbọdọ̀ pín in láàárín ara wa tẹ́lẹ̀, bí ẹni méjì bá sì sọ̀rọ̀ pọ̀, a ó padà sí ení. Ìrọ̀lẹ́ mìíràn wà tí a ò ní í kọjá ẹ̀rin. Ẹ̀yìn ìyẹn ni dígí: ẹni méjì á kojú ara wọn, ohun tí ọ̀kan bá fara ṣe ni èkejì á ṣe, títí ẹni tó ń wò wọ́n ò fi ní mọ ẹni tó ń darí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ. Ẹnìkan á máa ju apá, á máa kùn, ẹlòmíràn á so tirẹ̀ mọ́ ọn, ó di kí gbogbo wa máa ró bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá máa ń rò pé orí wa ti dàrú.

Ìjẹ́ ló máa ń gbẹ̀yìn, òun ló sì le jù. Kálukú ló ní ohùn tirẹ̀. Tèmi ni kí n ta ahọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ti Bùọ̀dá Kọ́lá, káfíńtà tó máa ń dúró lápá ọ̀tún bàbá mi, ni àtẹ́wọ́ ẹyọ kan. Ti Màmá Dúpẹ́, tó wà lápá òsì mi, ni “yéè” kékeré bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ti bàbá mi ni kó kùn láti ìsàlẹ̀ ikùn, kó sì fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìjẹ́ náà á máa yí agbo ká, láti ọ̀tún sí òsì. Bí ẹnìkan bá dákẹ́, ẹni tó wà lápá òsì rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé ohùn rẹ̀ kó tó ṣe tara rẹ̀, kí àwọn tó ń wò wá má baà mọ̀ pé nǹkan já.

“Àwùjọ kò gbọdọ̀ gbọ́ ihò,” ni bàbá mi máa ń wí.

Ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ bá ẹni ẹlẹ́ni gbé e. Ọjọ́ kan, Bùọ̀dá Kọ́lá gbé ohùn kan tí kò kàn án, torí pé ó rò pé a ti fẹ́ pẹ́ jù. Bàbá mi ní kó máa lọ sílé. Ó ní ẹni tó bá gbé ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀, irọ́ ló pa. Ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta mú sálúbàtà rẹ̀, ó lọ sílé, gbogbo wa ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Mo rántí ẹ̀rín yẹn dáadáa.

Ìlú tí mo dé wà lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sì kí gbogbo èrò inú rẹ̀ káàárọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ mi. Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Mo jókòó, mo ń retí kí ẹni tó wà lápá òsì mi gbé ohùn tó já yẹn, àmọ́ fèrèsé ló wà lápá òsì mi, òjò sì ń ṣàn lára rẹ̀.

Ilé tí mo ń gbé ní yàrá márùn-ún, ẹni márùn-ún ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ ẹnìkejì. Ohùn ni mo fi mọ̀ wọ́n. Ọkùnrin kan wà ní yàrá ìsàlẹ̀ tó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láràárọ̀ kó tó ṣí ẹ̀rọ omi. Mo ti ń fi ikọ́ rẹ̀ jí. Ní ọ̀sẹ̀ kan, mi ò gbọ́ ikọ́ náà mọ́. Mo bi àwọn tó kù léèrè, wọ́n gbé èjìká sókè. Ní Ìkẹ́rẹ́, bí ìyá àgbà kan kò bá gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ títí oòrùn fi yọ, ẹni mẹ́ta á ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn kó lọ ni. Àmọ́ láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí ohun tí kò ró ju ohun tó ró lọ, ìwà yẹn kò sì tíì kúrò lára mi.

Mo rí iṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ká aṣọ, ẹni méjì sí aṣọ kan. Wọ́n fi mí ti Pọ́líìnì, ará Jàmáíkà kan tó lè bí mi lọ́mọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ń ya ara wa ní wèrè. Bí mo bá fà, ó ti ju tirẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ síwájú, òun náà ti tẹ̀, a ó forí gbárí. Ọ̀gá wa kàn dúró sẹ́yìn wa, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé.

Ọjọ́ kan ni mo sọ fún Pọ́líìnì pé, “Màmá, ẹ má wo aṣọ. Ẹ wò mí lójú.”

Ó ní, “Kí ló wà lójú rẹ tí mo fẹ́ wò?”

Mo ní, “Ẹ ṣáà wò ó.”

Mo fi dígí kọ́ ọ. A kọ́kọ́ ń ṣe é láìsí aṣọ lọ́wọ́, lákòókò tí àwọn yòókù ń mu tíì, wọ́n sì ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Kò pẹ́ tí ọwọ́ wa fi ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí aṣọ ń ká ara rẹ̀ láàárín wa. Nígbà tí òtútù fi máa mú gan-an, ọ̀gá ní kí n kọ́ àwọn tó kù. Mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gba ìlù ẹ̀rọ ìlọṣọ, kí kálukú so tirẹ̀ mọ́ ti ẹnìkejì. Àwa obìnrin mẹ́jọ láti ìlú mẹ́jọ ń ká aṣọ àwọn aláìsàn bí ẹni ń jó. Pọ́líìnì rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, tíṣà la ó máa pè ọ́.” Inú mi dùn títí mo fi délé. Nígbà tí mo délé ni ara mi wá tutù, torí pé orúkọ ẹni tó ṣì wà láyé ni wọ́n fún mi yẹn.

Mo ti gbàgbé láti sọ ọ̀rọ̀ ìwé mi. Ìwé tí mo fi ń tọrọ àṣẹ ìgbélùú wà lọ́dọ̀ ìjọba wọn, agbẹjọ́rò sì ti sọ fún mi pé bí mo bá jáde kí èsì tó dé, kí n má ronú àtipadà mọ́. Bàbá mi mọ̀. Òun ló ní kí n dúró. Ó ní ẹni tó bá ti wọ odò kì í bẹ̀rù òjò.

Màmá Dúpẹ́ nìkan ló ní tẹlifóònù nínú agbo wa. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ọ̀sán Sunday, lẹ́yìn ìsìn, èmi á ra káàdì, n á wọ inú àpótí tẹlifóònù tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, n á sì pè. Nígbà àkọ́kọ́ tí èmi àti bàbá mi sọ̀rọ̀, a kí ara wa tán, a ò mọ ohun tí a tún máa sọ. Ó bi mí bóyá mo jẹun. Mo bi í bóyá ó jẹun. Owó káàdì ń lọ. Ó wá ní, “Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n óò kó gbogbo wọn wá.”

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Wọ́n gbé tẹlifóònù sórí àpótí tó ṣófo, àpótí tèmi tí wọ́n gbé wá sílé Màmá Dúpẹ́, ní àyè mi nínú agbo, wọ́n tẹ bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí gbogbo yàrá gbọ́ ohùn mi, wọ́n sì ní ká kà. Kò ṣeé ṣe. Ohùn mi máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, tiwọn náà ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bí mo bá gbọ́ pé ibì kan ṣófo tí mo sọ pé “ẹ̀ta,” ẹlòmíràn ti sọ ọ́ tipẹ́. Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìjẹ́, Màmá Dúpẹ́ ló ń gbé ohùn mi, mo sì máa ń gbọ́ tó ń ta ahọ́n nípò mi, tí eyín rẹ̀ tó yọ kì í jẹ́ kó dún dáadáa.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbọ́ tó fi ohùn Èkìtì rẹ̀ sọ fún bàbá mi pé, “Tíṣà, àpótí òfìfo láàrin agbo yìí kò dùn mọ́ mi o. Bí ẹlòmíràn bá dákẹ́, a rí ẹni gbé e. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dákẹ́ ńkọ́? Ọmọ kò sí ní ulé.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Mi ò ní í dákẹ́,” ló wí. “Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, nígbà tó sì dé, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀.

Bàbá mi ló kọ́ mi bí n óò ṣe borí ọ̀nà jíjìn náà. Ó ní kí n má dúró de ìgbà tí mo bá gbọ́. Kí n mọ èémí wọn sínú, kí n sì bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, kí ohùn mi lè bá àyè rẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà. Ó gbà mí ní oṣù méjì. Sunday kan, a kà dé ẹ̀wá láìkọlu ara wa. Mo mú àrún, mo mú ẹ̀jọ. Bàbá mi ló mú ẹ̀wá, torí kì í sábà mú iye kankan àfi èyí tó gbẹ̀yìn, ó sì máa ń tún ọ̀fun ṣe kó tó pè é. Mo pariwo nínú àpótí tẹlifóònù náà, ọkùnrin kan tó ń fa ajá kọjá dúró wò mí. Mi ò rò pé ayọ̀ kan ti bá mi lókè òkun tó tó yẹn.

Wọ́n ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti rí i pé ẹni tí ilé rẹ̀ ṣì ń kà mọ́ iye kò lè sinmi pátápátá níbi tó wà. Àwọn tí mo mọ̀ lọ́hùn-ún tí ilé wọn ti gbàgbé wọn máa ń sùn dáadáa. Èmi kò lè sùn bẹ́ẹ̀. Àpótí kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ tó ń dúró dè mí, mo sì ní láti wà níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú etí àti ohùn, bí mi ò tiẹ̀ lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ìyẹn ni mò ń pè ní ilé, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀.

Sunday kan, wọ́n ní bàbá mi lọ sí Ìsẹ̀ lọ kí àbúrò rẹ̀. Mo ní kó burú. A kà, a dé ẹ̀wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó kọlu ẹnìkejì. Ó yẹ kí inú mi dùn. Màmá Dúpẹ́ ló mú ẹ̀wá.

Ní Sunday kejì, wọ́n ní ó ti dé, àmọ́ ọ̀fun ń dùn ún. Mo ní kí wọ́n gbé tẹlifóònù fún un.

Bùọ̀dá Kọ́lá ní, “Wọn ò lè sọ̀rọ̀ rárá, àbúrò. Wọ́n jókòó síbí. Wọ́n ń mi orí sí ọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ ní mo kí wọn.” Ó ní wọ́n ti gbọ́. Nígbà tí a ṣe ẹ̀rọ, ohùn tó máa ń kùn nísàlẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ó mọ́ jù. Ohùn bàbá mi máa ń ní èérún nínú. Mo bi wọ́n bóyá a ò ní í ṣe ìjẹ́, Màmá Dúpẹ́ sì yára dáhùn pé ká fi í sílẹ̀ lónìí, ó ti rẹ kálukú. Ó bi mí pé, “Uṣẹ́ ńkọ́? Ulé tí ọ ń gbé yẹn, ṣé ó ń gbóná?” Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò bi mí ní ìbéèrè méjì tẹ̀ léra rí láìdúró de ìdáhùn.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọwọ́ mi kò bá ti Pọ́líìnì mu mọ́. Aṣọ ń bọ́ sílẹ̀. Ó wò mí lójú bí mo ti kọ́ ọ, ó pẹ́ díẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ni o. Nílẹ̀ wa, a kì í fi ọ̀rọ̀ òfò já ẹni tó wà lájò láyà. Wọ́n á ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ kó dé ná. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bàbá mi ló kọ́ wọn bí a ṣe ń bo ohun tó já, mi ò sì tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù wọ́n lọ.

Sunday kẹta, mi ò kí wọn pẹ́. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣe ìjẹ́.”

Màmá Dúpẹ́ ní, “Káàdì rẹ á tán, ọmọ mi.”

“Ẹ jẹ́ kó tán.”

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín ara wọn. Mo gbọ́ aago ara ògiri ilé Màmá Dúpẹ́. Mo gbọ́ adìyẹ kan lóde. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń dìde, tí àga ń wọ́ nílẹ̀, tí wọ́n ń tò sí àyè wọn.

Màmá Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀. “Yéè.” Ẹni tó tẹ̀ lé e ṣe tirẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà ṣe tirẹ̀. Ó yí, ó yí, ó dé ọ̀dọ̀ Bùọ̀dá Kọ́lá. Ó pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan.

Mo dúró. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀nà ló jìn, ó máa dé. Mo ka ení dé àrún nínú ọkàn mi. Wọ́n lè purọ́ fún mi nínú kíkà. Wọ́n lè purọ́ nínú ẹ̀rọ, níbi tí ohùn gbogbo ti dàpọ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí ẹnìkan purọ́ nínú èyí náà.

“Bùọ̀dá Kọ́lá,” ni mo wí, “ẹ gbé e.”

“Kì í ṣe àyè mi, àbúrò.”

“Màmá Dúpẹ́.”

“Kì í ṣe àyè mi,” ló wí. “Ọ mọ ẹni tó ni ín.”

Kò sẹ́ni tó sunkún. Wọ́n dúró sí àyè wọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ wọn, wọ́n ń dúró dè mí, ihò náà sì ń fẹ̀ sí i. Mo wo òsì, mo wo ọ̀tún. Dígí ló yí mi ká, òjò ló wà lára dígí. Mo kó èémí wọ ìsàlẹ̀ ikùn, mo kùn bó ṣe máa ń kùn, mo sì fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ àpótí tẹlifóònù náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, mo ta ahọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì, tèmi.

Ní ọ̀hún, Màmá Dúpẹ́ ṣe “yéè” rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò kéré. Ẹni tó wà lápá òsì rẹ̀ gbà á, ìjẹ́ sì ń lọ. Nọ́mbà ara ẹ̀rọ náà ń fi hàn mí pé káàdì ti fẹ́ tán. Bó ṣe tún ń yí bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ Bùọ̀dá Kọ́lá, mi ò dúró de àtẹ́wọ́ rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀, kí ohùn bàbá mi lè dé ibẹ̀ kí ihò tó ṣí.